Àyà Rẹ̀ Ni Kí O Máa Wò

Àkànní ọmọ mi,

Ọ̀rọ̀ tí o bá mi sọ lórí fóònù lánàá ò jẹ́ kí n sùn. O ní ẹ fín naloxone, oògùn tí wọ́n fi ń dá mímí padà fún ẹni tó lo heroin tàbí fentanyl jù, sí ọ̀rẹ́ yín nímú, kò lajú. Ẹ fín òmíràn, kò lajú, ni ẹ bá ń fín in lọ. Mi ò ní bi ọ́ lónìí pé kí lo wá débẹ̀. Ìyẹn ń bọ̀. Ọ̀rọ̀ ẹ̀mí la fẹ́ kọ́kọ́ sọ.

Oògùn olóró tí wọ́n ń tà ní heroin tàbí fentanyl nígboro kì í sábà dá wà mọ́. Wọ́n ń po oògùn oorun mọ́ ọn. Xylazine ni àwọn dókítà ẹranko fi ń mú ẹṣin àti màlúù sùn. Wọn ò fọwọ́ sí i fún ènìyàn rí. Ní oṣù kẹrin ọdún 2023, ìjọba Amẹ́ríkà kéde pé fentanyl tí wọ́n pò mọ́ ọn ti di ewu tuntun fún orílẹ̀-èdè wọn. Lẹ́yìn rẹ̀ ni medetomidine tún dé, ti ẹranko lòun náà, ó sì le ju ti àkọ́kọ́ lọ. Ní Kánádà, àwọn ẹbí benzodiazepine, ìyẹn oògùn oorun àti ìfọ̀kànbalẹ̀, ni wọ́n sábà ń bá nínú rẹ̀. Ẹni tó ń tà á gan-an lè má mọ ohun tó wà níbẹ̀.

Ìdí nìyẹn tí ọ̀rẹ́ yín ò fi jí. Naloxone máa ń lé fentanyl kúrò níbi tó ti di ọpọlọ mú, kí mímí lè padà. Kò rí oògùn oorun ṣe rárá. Èèyàn lè máa mí dáadáa kó ṣì sùn fọnfọn. Bí ẹ bá ń fín in léraléra torí pé ojú ò là, ẹ kàn ń dá a lóró ni. Èébì lè gbé e, èébì sì léwu fún ẹni tó ń sùn.

Nítorí náà, àyà rẹ̀ ni kí o máa wò, ṣé ó ń lọ sókè sódò? Gbé etí sún mọ́ ẹnu rẹ̀. Híhan-run tó ń há sọ́fun kì í ṣe oorun ire; ètè tó dà bí eérú náà, bẹ́ẹ̀ ni. Bí o bá rí èyí, tàbí tí kò mí, pe nọ́ńbà pàjáwìrì, fín naloxone sí i nímú lẹ́ẹ̀kan, tẹ orí rẹ̀ sẹ́yìn, di imú rẹ̀, kí o máa fẹ́ èémí sí i lẹ́nu, ẹ̀ẹ̀kan ní ìṣẹ́jú àáyá 5. Bí ìṣẹ́jú 2 sí 3 bá kọjá tí kò tíì mí, ìgbà yẹn ni kí o fín èkejì. Tó bá ti ń mí, fẹ̀gbẹ́ rẹ̀ lélẹ̀, kí o jókòó tì í. Agbára naloxone ń tán láàárín ìṣẹ́jú 30 sí 90, oògùn tó lò sì lè ṣì wà lára rẹ̀. Ẹ má da omi tútù lé e lórí, ẹ má gbá a létí.

Bébà tí ẹ fi ń yẹ fentanyl wò kì í rí xylazine. Tirẹ̀ wà lọ́tọ̀. Tí egbò bá sì yọ lára ẹni tó lo xylazine, kódà níbi tí abẹ́rẹ́ ò dé, ẹ má fi í pamọ́, ẹ gbé e lọ sílé ìwòsàn.

Kọ iye naloxone tó kù lọ́wọ́ yín ránṣẹ́ sí mi, àti ọjọ́ tí wọ́n kọ sára páálí rẹ̀. Bí ọ̀rẹ́ yín bá ti lè sọ̀rọ̀, kó pè mí, mi ò ní bá a jà. Ìwọ ni mo máa bá jà, ó di ìgbà tí o bá wálé.

Èmi ni,
Ìyá rẹ