Lẹ́tà sí ìyá Béjidé

Ìkẹ́rẹ́-Èkìtì

Ọ̀rẹ́ mi àtàtà,

O kú ewu ọmọ o. Ọlọ́run á wò ó dàgbà. Ṣé ọmú ń wá dáadáa? Ṣé o ń rí omi gbígbóná fi wẹ̀ nínú òtútù Jámánì yẹn? Mo gbọ́ ohùn tí o fi ránṣẹ́ ní àgbọ́túngbọ́. Ibi tí o ti sọ pé nọ́ọ̀sì pe ọmọ ní "Beyide", tí bàbá rẹ̀ sì ní kí ẹ kúkú máa lo Tèmilolúwa tó jẹ́ orúkọ kejì, ibẹ̀ ló wọ̀ mí lára tí mo fi mú bírò.

Má pa Béjidé tì. Jọ̀ọ́.

Kì í ṣe pé Tèmilolúwa kò dára. Ní kíláàsì mi nìkan, mẹ́ta ló ń jẹ́ ẹ. Tí mo bá pe ọ̀kan, mẹ́ta á dáhùn. Ṣùgbọ́n láti ọjọ́ tí mo ti ń ṣe tíṣà, n kò tíì kọ Béjidé sínú rẹ́jísítà rí. Àwọn orúkọ tó ń sọ bí ọmọ ṣe wá sáyé ló ń lọ mọ́ wa lọ́wọ́: Abíọ́nà tí wọ́n bí sójú ọ̀nà, Bọ́dúndé tó bá ọdún dé, Abọ́sẹ̀dé. Lójú tèmi, àdúrà nìkan la ń sọ lọ́mọ báyìí. Ìwọ fúnra rẹ lo sọ pé òjò kò dá láti alẹ́ títí ọmọ fi ké. Kí lẹ tún fẹ́ pè é?

O mọ̀ pé Béjidé ni Yèyé mi àgbà ń jẹ́, àwọn tó máa ń bu ẹ̀pà sí wa lọ́wọ́ tí a bá ti ilé ìwé dé. Nígbà tí wọ́n kú, "Yejide" ni ẹni tó gbẹ́ òkúta ibojì wọn kọ. Nínú ariwo ìsìnkú, kò sẹ́ni tó kà á wò. Títí dòní, orúkọ ẹlòmíràn ló wà lórí Yèyé mi.

Orúkọ méjèèjì sì jìnnà síra. Béjidé ni bá eji dé. Eji ni òjò, bí àwọn àgbà ṣe ń sọ pé eji àkọ́rọ̀. Mí re mí ni ohùn rẹ̀. Yéjídé ní tirẹ̀, yèyé ló jí tó dé: mí mí mí. Òun, Yétúndé àti Yéwándé ló jọ ń rìn. Ọmọ tí a bí lẹ́yìn tí ìyá àgbà ti lọ là ń sọ bẹ́ẹ̀. Màmá rẹ ṣì wà láyé o! Lọ́jà ni mo ti pàdé wọn lọ́sẹ̀ tó kọjá, wọ́n ń ná iṣu tí wọ́n máa fi gúnyán. Tí "Beyide" yẹn bá di Yéjídé lẹ́nu àwọn èèyàn, kí la máa sọ fún wọn?

Nọ́ọ̀sì yẹn kò jẹ̀bi. Bí y tiwa ni wọ́n ṣe ń pe j tiwọn. Sọ fún wọn pé j inú orúkọ yìí ni èyí tí àwọn ń fi Dsch kọ nínú Dschungel. Ohun tó dùn mọ́ mi ni pé kò sí ẹ, ọ tàbí ṣ kankan nínú rẹ̀. É méjì péré ni, àwọn orúkọ Faransé bíi René àti André sì ti mú é dé ọ̀dọ̀ wọn tipẹ́. Nítorí náà, tí ẹ bá lọ gba ìwé ìbí, má kọ Bejide lásán. Béjidé ni kó o kọ. Ìwé ìrìnnà Nàìjíríà kì í gbé àmì ohùn, ṣùgbọ́n ìwé ìbí á wà lọ́wọ́ rẹ̀.

Ìwọ náà ńkọ́? Mo gbọ́ ọ nínú ohùn yẹn, o ń pè é ní "Bẹ́jì". Má gé e. Tí o bá fẹ́ kẹ́ ẹ, oríkì wà ńlẹ̀: Àbẹ̀kẹ́, Àdùkẹ́, èyí tó bá wù ọ́.

Èmi àti àbúrò mi ti bá ẹni tó máa gbẹ́ òkúta tuntun sọ̀rọ̀. Mo kọ orúkọ náà sí bébà fún un, é méjèèjì, mo sì dúró tì í títí ó fi pè é tó tọ̀nà. Tó bá parí, màá ya fọ́tò rẹ̀ ránṣẹ́, kí o fi han ọmọ rẹ.

Èmi ni tìrẹ,
Fúnkẹ́