Sí Ìyá Ìbejì, nítorí iṣẹ́ tuntun rẹ

Ẹ̀bútẹ́ Mẹ́ta, Èkó.

Ìyá Ìbejì mi ọ̀wọ́n,

O kú òtútù o. Àwọn ọmọ ńkọ́? Bàbá wọn ńkọ́? Inú mi dùn gan-an nígbà tí mo gbọ́ pé o ti ríṣẹ́ síbi tí wọ́n ti ń kọ wẹ́ẹ̀bù fún ilé ìwòsàn. Nítorí náà, n kò lè pa ohun tí ojú mi rí lọ́sẹ̀ tó kọjá mọ́ra.

Màmá ṣe àyẹ̀wò ẹ̀jẹ̀ ní ibì kan ní agbègbè Yábàá. Wọ́n ní ká wo èsì lórí íntánẹ́ẹ̀tì. Mo fi páásíwọọ̀dù wọlé, èsì yọ. Nígbà tí mo fẹ́ tẹ líǹkì náà, tó fi nọ́ńbà parí, sórí kọ̀ǹpútà kí n lè tẹ èsì náà sórí pépà, ìka mi ṣìnà, 7 ni mo tẹ̀ níparí dípò 6. Èsì ẹlòmíràn ló yọ: orúkọ obìnrin kan, ọjọ́ orí rẹ̀, àti èsì àyẹ̀wò HIV rẹ̀. Ọwọ́ mi gbọ̀n. Mo pa á dé kíá.

Mo pè wọ́n. Ẹni tó gbé e ní kò séwu, pé ẹni tí kò bá ní páásíwọọ̀dù kò lè wọlé. Ṣé o rántí ilé face-me-I-face-you tí a jọ gbé ní Òyìngbò? Kọ́kọ́rọ́ géètì wà lọ́wọ́ gbogbo ayálégbé, síbẹ̀ Màmá Alákàrà a máa ti yàrá rẹ̀ kó tó lọ dáná láàárọ̀. Kọ́kọ́rọ́ géètì ni páásíwọọ̀dù. Kọ̀ǹpútà wọn mọ̀ pé èmi ni mo wọlé, àmọ́ kò béèrè bóyá èmi ni mo ni èsì tí mo ní kó gbé wá.

Broken access control là ń pè é níbi iṣẹ́ wa. Nínú ìwé tí OWASP, ẹgbẹ́ tó ń rí sí ààbò wẹ́ẹ̀bù, fi ń to àléébù wẹ́ẹ̀bù, ipò karùn-ún ló wà ní 2017. Ní 2021 ó bọ́ sí ipò kìíní. Nọ́ńbà inú líǹkì báyìí náà ló tú àkọsílẹ̀ bíi mílíọ̀nù 885 síta ní First American, ilé-iṣẹ́ ìbánigbófò ilé àti ilẹ̀ ní Amẹ́ríkà, ní 2019.

Jọ̀ọ́, bí wọ́n bá sọ níbi iṣẹ́ rẹ pé kẹ́ ẹ kàn fi bọ́tìnì pamọ́, tàbí kẹ́ ẹ sọ nọ́ńbà di gígùn, má gbà pé ó tán. Àwọn èèyàn a máa fi líǹkì ránṣẹ́ lórí WhatsApp. Server, ìyẹn kọ̀ǹpútà tó ń gbé fáìlì jáde, gan-an ni kó máa béèrè, ní gbogbo ìgbà: ta ló ni fáìlì yìí? Ṣí àkáǹtì méjì, kí o sọ wọ́n ní Táyé àti Kẹ́hìndé. Da líǹkì èsì Táyé kọ, kí o wá wọlé gẹ́gẹ́ bíi Kẹ́hìndé, kí o ṣí i. Bó bá ṣí, iṣẹ́ ò tíì parí. Gbìyànjú kí o yí i padà, kí o pa á rẹ́ pẹ̀lú. Ọ̀pọ̀ ló ń ti ilẹ̀kùn wíwò, tí wọ́n á gbàgbé ti píparẹ́.

Mo ti kọ̀wé sí ibi tí Màmá ti ṣe àyẹ̀wò lẹ́ẹ̀kejì, mo sì rán wọn létí òfin ìdáàbòbò dátà Nàìjíríà ti 2023, tó fún wọn ní wákàtí 72 láti fi irú ewu báyìí tó Àjọ tó ń rí sí ìdáàbòbò dátà létí. Wọn ò tíì fèsì. Ọ̀rọ̀ obìnrin yẹn ò kúrò lọ́kàn mi.

Màmá ní kí n kí ọ. Ẹ̀jẹ̀ tiwọn dáa.

Èmi ni, ọ̀rẹ́ rẹ.