Àjàní, má tíì san owó Benz yẹn

Àjàní ọmọ mi,

Ṣé dáadáa lo wà ní Àbújá? Àwa náà wà ní àlàáfíà. Bàbá rẹ ní kí n kí ọ. Láti ọjọ́ tó o ti fi àwòrán E350 ọdún 2006 yẹn ránṣẹ́ ni wọ́n ti ń gba fóònù mi wò ó, wọ́n ní Benz ni yóò máa jẹ́ Benz. N kò dá wọn lóhùn. Àwọn kọ́ ni wọ́n ń ta òìlì.

Mo ti lọ wò ó fún ọ ní ọ̀nà Gbọ̀ngán. N kò jẹ́ kí wọ́n mọ̀ pé mò ń bọ̀, àárọ̀ kùtù ni mo sì lọ, kí ẹnikẹ́ni tó gbé e síná. Igun iwájú lápá òsì ti wó lulẹ̀, orí táyà ti fẹ́rẹ̀ẹ́ wọ inú fẹ́ńdà tán. Ọmọ tó ń nu ọkọ̀ rí ojú mi, ó sáré wọlé, ó gbé e síná. Nǹkan kan bẹ̀rẹ̀ sí í kùn hìì-hìì níwájú, ọkọ̀ náà sì ń gbéra sókè díẹ̀díẹ̀. Ọmọ yẹn ní bó ṣe máa ń ṣe nìyẹn. Irọ́ ni. Ṣọ́ọ̀kì aláfẹ́fẹ́ ló wà nídìí rẹ̀, afẹ́fẹ́ ti ń jò níbì kan, ẹ̀rọ tó ń fún un ní afẹ́fẹ́ ló ń ké yẹn. Bí ẹ̀rọ náà bá ń fẹ́ afẹ́fẹ́ tí ṣọ́ọ̀kì sì ń jò, láìpẹ́ ẹ̀rọ náà á jóná, ìnáwó kan á di méjì. Owó ẹyọ kan ṣoṣo nínú ṣọ́ọ̀kì yẹn ní tuntun, wàá fi ra ṣọ́ọ̀kì mẹ́rẹ̀ẹ̀rin fún Corolla ẹ̀gbọ́n rẹ.

Èmi kì í ṣe mẹkáníìkì, o mọ̀. Ṣùgbọ́n ó ti pẹ́ tí mo ti ń ta òìlì àti fílítà ní Òkè-Fìà, mo sì mọ ohun tí ojú àwọn tó ń wa irú ọkọ̀ yìí ń rí. Wọ́n á rọra sọ̀kalẹ̀ pẹ̀lú agbádá, wọ́n á ní kí n gbé òìlì wá. Ẹ́ńjìnnì E350 ń gba nǹkan bíi lítà 8, ìlọ́po méjì ohun tí Corolla ń gbà, kò sì gbọdọ̀ jẹ́ òìlì tí wọ́n ń bù nínú dúrọ́ọ̀mù. Tí mo bá ti dárúkọ owó, ohùn wọn á lọ sílẹ̀.

Ọkọ̀ náà ló ti rọ̀ lówó, ẹ̀yà ara rẹ̀ kò rọ̀. Ẹni tó ń ta gíà rẹ̀ kò bìkítà pé ọkọ̀ ti pé ogún ọdún. Dọ́là ni wọ́n sì fi ń kó ọjà wọ̀nyẹn wọlé. Dọ́là tó jẹ́ nǹkan bíi ₦460 ní báǹkì níbẹ̀rẹ̀ 2023, ó ti kọjá ₦1,500 nígbà tó di 2024.

Ọdún tó o mú yẹn gan-an ló tún ń kọ mí lóminú. Wàhálà méjì ló pàdé nínú 2006.

Àkọ́kọ́ ni bíréèkì. SBC ni wọ́n ń pe èyí tó wà nínú rẹ̀. Kọ̀ǹpútà ló ń gba àṣẹ lẹ́sẹ̀ rẹ, pọ́ǹpù oníná ló sì ń ti omi bíréèkì lọ sídìí táyà. Pọ́ǹpù yẹn ń ka iye ìgbà tó o tẹ bíréèkì. Tí iye tí wọ́n dá fún un bá ti pé, á gbé ìkìlọ̀ jáde níwájú rẹ, kódà bí kò tíì bàjẹ́. Tó bá wá dákẹ́ lójú ọ̀nà, táyà iwájú nìkan ni bíréèkì á máa mú, gbogbo agbára ẹsẹ̀ rẹ lo sì máa fi tẹ̀ ẹ́. Ní 2004, Mercedes fúnra wọn pe nǹkan bíi 680,000 ọkọ̀ padà nítorí SBC yìí. Nígbà tí wọ́n tún E-Class ṣe ní 2006, fún àwọn tí wọ́n ń pè ní 2007, wọ́n yọ ọ́ dànù, wọ́n padà sí bíréèkì tí gbogbo ayé mọ̀.

Kò tán síbẹ̀. Kí wọ́n tó pààrọ̀ páàdì rẹ̀, wọ́n gbọ́dọ̀ fi ẹ̀rọ síkáànì mú SBC sùn ná. Bí wọn ò bá ṣe bẹ́ẹ̀, tí ẹnì kan bá kàn ṣí ilẹ̀kùn ọkọ̀, pọ́ǹpù á jí, á ti páàdì pa pọ̀, ìka ẹni tó wà níbẹ̀ á sì há sí i. Ta ni wọ́n máa ń ní kó tú táyà ní ìsọ̀ mẹkáníìkì? Ọmọ kékeré tó ń kọ́ṣẹ́ ni. Bi mẹkáníìkì tó o bá fẹ́ gbé e fún ní ìbéèrè yìí. Bó bá fi ọ́ rẹ́rìn-ín, gba kọ́kọ́rọ́ rẹ lọ́wọ́ rẹ̀.

Ìkejì wà nínú ẹ́ńjìnnì. Ọ̀pá kan wà níbẹ̀ tí kì í jẹ́ kí ẹ́ńjìnnì gbọ̀n, balance shaft lorúkọ rẹ̀. Irin eléyín tó wà lẹ́nu rẹ̀ kò le tó nínú àwọn tí wọ́n kọ́kọ́ ṣe, ó máa ń jẹ. Tó bá ti jẹ, tááyìmù, ìyẹn bí àwọn apá ẹ́ńjìnnì ṣe ń bá ara wọn rìn, á yẹ̀, iná ẹ́ńjìnnì á tàn, síkáànì á sì mú kóòdù 1200 tàbí 1208 jáde. Irin náà kéré, àmọ́ wọ́n gbọ́dọ̀ sọ ẹ́ńjìnnì kalẹ̀ kí wọ́n tú u pátá kí ọwọ́ tó tó o. Ní Amẹ́ríkà, iṣẹ́ yẹn ń jẹ nǹkan bíi dọ́là 4,000. Fúnra rẹ ṣírò rẹ̀. Níbí, wọ́n á ní kó o lọ ra ẹ́ńjìnnì àlòkù Bẹ́ljíọ́ọ̀mù ní Ládípọ̀, bẹ́ẹ̀ ẹni tó bá ra ti ọdún kan náà láì yẹ nọ́ńbà rẹ̀ wò, àìsàn kan náà ló tún san owó fún.

Gíà rẹ̀ náà ní tiẹ̀. Bọ́ọ̀dù kọ̀ǹpútà kan wà nínú òìlì gíà. Tí sẹ́ńsọ̀ ara rẹ̀ bá kú, ọkọ̀ á há sójú gíà kan, á máa wọ́. Bó o bá sì ra òmíràn lára ọkọ̀ ẹlòmíì, ọkọ̀ rẹ kò ní gbà á àfi tí ẹni tó ní ẹ̀rọ bá tún ohun tó wà nínú bọ́ọ̀dù náà kọ. Mo tún rí i pé abẹ́ igi máńgòrò ni wọ́n páàkì rẹ̀ sí. Ewé ti dí ojú ibi tí omi òjò ń gbà jáde lábẹ́ gíláàsì iwájú. Omi tó bá dúró níbẹ̀ lè wọ inú àpótí fíúsì, tí iná ọkọ̀ á sì máa ṣe bó ṣe wù ú.

Ìmọ̀ràn mi ni pé kó o fi í sílẹ̀. Bí ẹ̀mí rẹ bá kọ̀ jálẹ̀ pé Benz ni, wá E350 ti 2008 tàbí 2009. Kò ní SBC, wọ́n sì ti tún irin eléyín yẹn ṣe. Ìdajì owó ọkọ̀ gbọ́dọ̀ ṣẹ́ kù ní báǹkì fún ọdún àkọ́kọ́. Bó o bá lè gba Lexus ES350, inú mi á dùn jù bẹ́ẹ̀ lọ. Ẹ́ńjìnnì Camry V6 ló wà nínú rẹ̀, kò sí ìlú tí o kò ní rí ẹni tó mọ̀ ọ́n tún ṣe, ọlá rẹ̀ kò sì dín.

Mo mọ̀ ọ́ ṣá, orí kunkun rẹ kò jọ tèmi, ti bàbá rẹ ló jọ. Nítorí náà mo ti bá rewáyà kan tó ní síkáànì Benz sọ̀rọ̀, á tẹ̀ lé mi lọ ní Sátidé. A máa síkáànì rẹ̀, a máa wà á dé Ìkìrun, tá a bá dé, a ó tún síkáànì rẹ̀, torí àwọn tó ń ta ọkọ̀ mọ bí wọ́n ṣe ń pa kóòdù rẹ́ láàárọ̀ ọjọ́ tí oníbàárà ń bọ̀. Bí wọn ò bá gbà ká wà á dé ibẹ̀, a ò rà á nìyẹn. Fi owó rewáyà ránṣẹ́ kó tó di ọjọ́ Ẹtì. Má fún wọn ní àsansílẹ̀ kankan, kódà tí wọ́n bá sọ pé ẹlòmíì ti ń bọ̀ wá gbé e.

Ìyá rẹ.