Ẹ bá wa kọ orúkọ àwọn ọlọ́pàá tó kú sẹ́nu iṣẹ́

Ẹ̀yin olóòtú wa, ẹ kú iṣẹ́ o.

Ọ̀rọ̀ kan ló ń dùn mí tí mo fẹ́ kẹ́ ẹ bá mi gbé jáde, ó sì kan ẹ̀yin oníwèé ìròyìn náà. Tí wọ́n bá ti pa ọlọ́pàá nílẹ̀ wa, ohun tá a máa kà lọ́jọ́ kejì ni "agbébọn pa ọlọ́pàá mẹ́ta," ó parí, iye lásán bí ẹni ń ka iṣu. Orúkọ wọn ńkọ́? Ọmọ ibo ni wọ́n?

Lálẹ́ Mọ́ńdè 2 July 2018, wọ́n yìnbọn pa ọlọ́pàá méje ní ráúndàbáòtù Galadimawa, nínú Abuja níbí o, kì í ṣe Sambisa. Mo máa ń gba ibẹ̀ tí mo bá ń lọ Lugbe, mo sì ti bi àwọn tá a jọ wà nínú mọ́tò rí, ẹnì kan ní òun gbọ́ ọ nígbà yẹn, àwọn tó kù ní "ẹ̀n-ẹ́n? Galadimawa yìí náà?" Ẹ tún wo Kano ní 20 January 2012, ọjọ́ Jímọ̀ tí Boko Haram kọ lu àwọn téṣàn káàkiri ìlú. Enenche Akogwu, oníròyìn Channels tí wọ́n pa lọ́jọ́ yẹn, a ṣì ń dárúkọ ẹ̀ títí dòní, ó sì tọ́ bẹ́ẹ̀. Àmọ́ nínú àwọn ọlọ́pàá tó bá ọjọ́ náà lọ, ta ló lè dárúkọ ẹyọ ẹnì kan fún mi? Ti Alakyo nítòsí Lafia ló wá burú jù, 7 May 2013, tí àwọn ọmọ ẹgbẹ́ awo Ombatse lúgọ de àwọn ọlọ́pàá àtàwọn DSS, ẹnì kan á ní àwọn tó kú lé ní ogójì, ẹlòmíì á ní wọ́n lé ní àádọ́rin. Ká ní wọ́n ti kọ orúkọ wọn síbì kan ni, ṣé a ṣì máa jiyàn lórí iye?

Télọ̀ ni mí ní Nyanya, mo ń rán yúnífọ́ọ̀mù ọlọ́pàá, èmi náà ni mo sì ń bá wọn fi ẹ̀rọ kọ orúkọ tí wọ́n ń lẹ̀ mọ́ àyà. Wọn kì í fi orúkọ yẹn ṣeré o, tí lẹ́tà kan bá wọ́ báyìí àfi kí n tú u. Sájẹ́ǹtì kan wà, ọmọ Ọ̀fà, òun ní "Màámi, ẹ jọ̀ọ́, ẹ bá mi fi àmì sábẹ́ S yẹn, nǹkan míì ni wọ́n ń pè mí ní téṣàn." Mo fi í. Wọ́n gbé e lọ Zamfara, kò padà wálé. Ìyàwó ẹ̀ ló wá gba ṣẹ́ẹ̀tì àti ṣòkòtò tó ti sanwó ẹ̀ sílẹ̀, ó ní ti orúkọ yẹn gan-an lòun ṣe wá. Nínú ìwé ìròyìn tí mo rà, "àwọn ọlọ́pàá kan" ni wọ́n pè é.

Ti owó, mi ò fẹ́ fà á gùn. Òfin pẹ́ńṣọ̀n ọdún 2014 ní tí òṣìṣẹ́ bá kú, owó ìǹṣọ́ránsì ẹ̀ ò gbọ́dọ̀ dín sí ìlọ́po mẹ́ta owó tó ń gbà lọ́dún, àmọ́ ẹ bi àwọn opó nípa "lọ gba ìwé kóòtù wá, padà wá lọ́sẹ̀ tó ń bọ̀."

Mo mọ̀ pé àwọn kan á ní "ọlọ́pàá tó ń gba rìbá?" Wọ́n gba tèmi náà, mo mọ ohun tójú mi rí lọ́nà Keffi. Ẹni tó gba rìbá, kí wọ́n mú un. Ẹni tó dúró sójú títì lóru tí ìbọn fi bá a, ọ̀tọ̀ nìyẹn, kódà kó jẹ́ ẹnì kan náà.

15 January tí wọ́n ń tú ẹyẹlé sílẹ̀, ọ̀gá ọlọ́pàá pátápátá máa ń gbé òdòdó síbẹ̀ lóòótọ́, àmọ́ ọjọ́ àwọn sójà ni. Wọ́n ti wá fún ọlọ́pàá ní 7 April báyìí, wọ́n ṣe é ní Eagle Square lọ́dún 2025, ó dáa, kí wọ́n kúkú máa ya wákàtí kan sọ́tọ̀ níbẹ̀ láti ka orúkọ. Amẹ́ríkà ní ògiri kan ní Washington láti 1991, orúkọ àwọn agbófinró wọn tó kú sẹ́nu iṣẹ́ tó wà lára ẹ̀ lé ní ẹgbẹ̀rún lọ́nà ogún. A ò ní ká ra mábù o. Ògiri téṣàn tó gba "Bail is Free," ṣé kò lè gba orúkọ àwọn tó jáde níbẹ̀ tí wọn ò wọlé mọ́ ni?

Ẹ̀yin náà, tí wọ́n bá ti sọ fáwọn ẹbí tán, ẹ padà lọ gba orúkọ, ìlú àti téṣàn wọn wá, kẹ́ ẹ fi sí kọ̀rọ̀ kan, ìlà méjì ti tó. Tí àyè ò bá sí, ẹ dín ìpolówó agbo jẹ̀dí kù díẹ̀.

Télọ̀ kan ní Nyanya, Abuja