Ta ni yóò gbọ́ ẹjọ́ aláìlágbára báyìí?

Ẹ̀yin Olóòtú wa,

Ẹ kú iṣẹ́. Mo ka àpilẹ̀kọ tí ẹ gbé jáde lórí bí òwò àgbáyé ṣe ń fọ́ sí wẹ́wẹ́. Inú òǹkọ̀wé náà ń dùn pé orílẹ̀-èdè kọ̀ọ̀kan yóò wá máa ṣe tirẹ̀ láìwojú ẹnikẹ́ni. Inú tèmi ò dùn rárá.

Mo gbà pé àbùkù pọ̀ lára ètò àtijọ́. Lẹ́yìn tí Ṣáínà wọ Àjọ Ìṣòwò Àgbáyé lópin 2001, iṣẹ́ bọ́ lọ́wọ́ ọ̀pọ̀ òṣìṣẹ́ ní Amẹ́ríkà àti Yúróòpù, ìwọ̀nba ni àwọn tó bá wọn dárò. Ṣùgbọ́n kì í ṣe ọ̀rọ̀ ọjà olówó pọ́ọ́kú ló ń dùn mí. Ilé ẹjọ́ Àjọ náà, níbi tí orílẹ̀-èdè kékeré ti lè pe ńlá lẹ́jọ́, là ń pàdánù.

Ní 1995, Amẹ́ríkà fi gbèdéke lé iye àwọ̀tẹ́lẹ̀ tí Costa Rica lè kó wọ ọjà rẹ̀. Costa Rica kéré, kò tilẹ̀ ní ọmọ ogun láti 1948. Ó gbé ẹjọ́ náà lọ sí Geneva, níbi tí ilé ẹjọ́ náà wà. Wọ́n gbọ́ tẹnu rẹ̀, wọ́n gbọ́ tẹnu Amẹ́ríkà, nítorí agbẹ́jọ́ ẹnì kan dá, àgbà òṣìkà ni. Wọ́n dá Costa Rica láre. Síbẹ̀, ó ku ibì kan tí kò tẹ́ ẹ lọ́rùn, ó pẹjọ́ kòtẹ́milọ́rùn, ó sì tún jàre ní oṣù Kejì 1997. Nígbà tí àsìkò gbèdéke náà pé ní oṣù tó tẹ̀ lé e, Amẹ́ríkà kò sọ ọ́ dọ̀tun mọ́. Kò sí ìbọn níbẹ̀, kò sí ìdọ̀bálẹ̀.

Adájọ́ méje ló yẹ kó wà nílé ẹjọ́ kòtẹ́milọ́rùn náà, mẹ́ta ní í gbọ́ ẹjọ́ kan. Bí sáà wọn ti ń pé, Amẹ́ríkà kọ̀ jálẹ̀ pé wọn ò ní yan ẹlòmíì. Ní ọjọ́ 11 oṣù Kejìlá 2019, ó ku ẹyọ ẹnì kan. Ìjọba Trump ló ṣe é, ìjọba Biden náà kò tún un ṣe. Láti ìgbà náà, ẹni tó bá jẹ̀bi á kàn pẹjọ́ síbi tí adájọ́ kò tó láti gbọ́ ọ, ẹjọ́ á sì sùn síbẹ̀. Indonesia náà ṣe bẹ́ẹ̀ ní 2022, nígbà tí Àjọ Ìṣọ̀kan Yúróòpù borí rẹ̀ lórí ọ̀rọ̀ nickel, irú irin kan.

Ẹ wá wo Lesotho, orílẹ̀-èdè kékeré ní gúúsù Áfíríkà. Aṣọ lòun náà ń rán, jíǹsì. Ní ọjọ́ 2 oṣù Kẹrin 2025, Amẹ́ríkà kéde owó orí ìdá 50 nínú ọgọ́rùn-ún lé ọjà rẹ̀ lórí. Kí ló kù fún un ju ẹ̀bẹ̀ lọ? Nígbà tí wọ́n fi máa dín in kù sí ìdá 15 ní oṣù Kẹjọ, ọ̀pọ̀ aránṣọ ti jókòó sílé.

Àwọn kan ní BRICS, ẹgbẹ́ àwọn orílẹ̀-èdè bíi Brazil, Rọ́ṣíà, Íńdíà àti Ṣáínà, tó ń gbòòrò yóò mú nǹkan dọ́gba. Bí alágbára bá di mẹ́ta dípò ẹyọ kan, ta ni nínú wọn tó máa gbọ́ ẹjọ́ Lesotho?

Ètò kan ṣì wà. Ní 2020, àwọn orílẹ̀-èdè kan, títí kan Ṣáínà àti Àjọ Ìṣọ̀kan Yúróòpù, dá ètò kòtẹ́milọ́rùn onígbà díẹ̀ sílẹ̀ láàárín ara wọn. Ọ̀pọ̀ ìjọba kò tíì fọwọ́ sí i. Mo bẹ̀ yín, mínísítà yòówù tí ẹ bá ń fọ̀rọ̀ wá lẹ́nu wò, ẹ bi í ní ohun tó dá a dúró. Costa Rica wà lára àwọn tó kọ́kọ́ fọwọ́ sí i.

Èmi ni,
Òǹkàwé yín látọjọ́ pípẹ́