Gìtá kékeré kì í ṣe nkan ìṣeré ọmọdé

Olóòtú wa, ẹ kú iṣẹ́ o, ẹ kú làálàá ìròyìn.

Ọ̀rọ̀ kan ń ká mi lára, mo sì fẹ́ kẹ́ ẹ bá mi gbé e sójú ewé lẹ́tà yín. Téèyàn bá ti gbé gìtá kékeré jáde báyìí, irú èyí tí wọ́n ṣe fún ìrìn àjò, kó tiẹ̀ tó ta á rárá, ẹnì kan á ti bèèrè pé ṣé tọmọ ẹ ni, òmíràn á ní ìgbà wo lo máa wá ra gìtá gidi. Mo ní ọ̀kan, òun ni mo máa ń ta jù, ohun tó sì ń dùn mí ni pé irú ọ̀rọ̀ yìí ló ń ṣi àwọn tó ṣẹ̀ṣẹ̀ fẹ́ kọ́ ọ lọ́nà, wọ́n á lọ ra èyí tó tóbi torí kí wọ́n má baà fi wọ́n ṣe yẹ̀yẹ́, wọ́n á tì í mọ́nú àpótí, ó parí.

Gìtá tó bá wà nítòsí lèèyàn máa ń ta. Èyí tó wà lábẹ́ bẹ́ẹ̀dì, kẹ́ ẹ tó fà á yọ, kẹ́ ẹ ṣí àpótí, kẹ́ ẹ wáyè tẹ́ ẹ máa jókòó sí, ó ti sú yín, ṣùgbọ́n èyí tó kéré, ẹ lè gbé e kọ́ ara ògiri lẹ́gbẹ̀ẹ́ àga, ẹ lè ta á lórí bẹ́ẹ̀dì, nínú mọ́tò tó dúró, ní yàrá òtẹ́ẹ̀lì lóru tí ariwo ńlá lè dìjà, ìṣẹ́jú mẹ́wàá níbí, márùn-ún lọ́hùn-ún, bí ìka ṣe ń mọ̀ ọ́n nìyẹn.

Kí ló tiẹ̀ kéré níbẹ̀ gan-an? Yàtọ̀ sí ikùn ẹ̀, ibi tí okùn ti ń gbọ̀n ni, láti òkè ọrùn títí dé ibi tó ti fara lé pákó nísàlẹ̀. Gìtá ńlá sábà máa ń jẹ́ íǹṣì 25.5, nínú àwọn kékeré, Baby Taylor tó jáde lọ́dún 1996 jẹ́ 22.75, Little Martin jẹ́ 23. Ó dáa, ẹ fi capo, ìyẹn nkan kékeré tí wọ́n fi ń há okùn mọ́ ọrùn gìtá, há gìtá ńlá ní fret kejì (fret ni àwọn irin tẹ́ẹ́rẹ́ tó dábùú ọrùn ẹ̀), ẹ wọn okùn tó kù, ẹ máa rí i pé ó kù díẹ̀ kó pé 22.75 náà ni. Gbogbo ẹni tó bá ti lo capo síbẹ̀ rí ti ta okùn tó kúrú tó bẹ́ẹ̀, kò sì sẹ́ni tó sọ pé nkan ìṣeré ló ń ta. Kọ́ọ̀dù tẹ́ ẹ mọ̀ náà ni, bí ìka ṣe ń tò náà ni.

Ibi tó ti yàtọ̀ ni pé okùn tó bá kúrú máa ń dẹ̀. Tẹ́ ẹ bá tune ti íǹṣì 23, ìyẹn kẹ́ ẹ yí okùn ẹ̀ títí ohùn ẹ̀ fi bá ti 25.5 mu, agbára tó ń fa okùn á fi bí ìdá kan nínú márùn-ún dín, ó rọ ìka lọ́rùn lóòótọ́, ṣùgbọ́n tẹ́ ẹ bá tẹ̀ ẹ́ le jù ohùn ẹ̀ á gòkè kọjá bó ṣe yẹ, tẹ́ ẹ bá sì ta á le jù á máa kọlu fret. Okùn tó nípọn díẹ̀ ló ń wo èyí sàn, ti 13 dípò 12 (nọ́ńbà yẹn ni wọ́n fi ń mọ bí okùn ṣe nípọn tó), kẹ́ ẹ ṣáà kọ́kọ́ wo ohun tí ilé iṣẹ́ tó ṣe é sọ pé ó lè gbé. Ní ti béèsì, ìyẹn ohùn ìsàlẹ̀, kò lè pọ̀ bíi ti gìtá ńlá, ikùn kékeré ò gba afẹ́fẹ́ púpọ̀, èmi ò ní parọ́ ìyẹn fẹ́nikẹ́ni. Ẹ mú ọwọ́ sún mọ́ apá ọrùn nígbà tẹ́ ẹ bá ń ta á, ohùn ẹ̀ á kún sí i, á sì gbe orin ẹnu dáadáa.

Àwọn tó ń pè é ní ti ọmọdé, ṣé wọ́n rántí pé lóṣù keje ọdún 2015, alẹ́ mẹ́ta tẹ̀léra ni Ed Sheeran, olórin ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, fi kọrin ní pápá ìṣeré Wembley Stadium láìsí báńdì lẹ́yìn ẹ̀, gìtá Martin kékeré àti loop pedal, ẹ̀rọ tó ń gba ohùn sílẹ̀ táá sì máa tún un kọ, ló gbé dání? Lọ́dún 1994 Martin Backpacker, gìtá ìrìn àjò kan, bá ọkọ̀ Columbia lọ sí gbalasa òfuurufú. (Backpacker yẹn, ọrùn ẹ̀ wúwo ju ara lọ, láìsí bẹ́líìtì téèyàn fi ń gbé e kọ́rùn kì í dúró jẹ́ẹ́, fún ẹni tó ṣẹ̀ṣẹ̀ ń kọ́ ọ, èmi ò ní sọ pé kó rà á.)

Ẹ má fi í sílẹ̀ nínú mọ́tò tó wà nínú oòrùn o, gúlù á rọ̀, pákó tó di okùn mú á bẹ̀rẹ̀ sí í ṣí. Ní Amẹ́ríkà, òfin tí wọ́n ṣe lọ́dún 2012 ní kí ọkọ̀ òfuurufú gba ohun èlò orin kékeré wọlé pẹ̀lú èrò tí àyè bá ṣì wà, torí náà ẹni tó bá tètè wọlé ló ń rí àyè fi tiẹ̀ sí.

Olóòtú, mo mọ̀ pé àwọn gìtá kékeré kan wà tó jẹ́ nkan ìṣeré lóòótọ́, àwọn yẹn ló ba orúkọ ìyókù jẹ́. Ẹ jọ̀ọ́, nígbà tẹ́ ẹ bá tún ń gba àwọn tó fẹ́ kọ́ gìtá nímọ̀ràn, ẹ bá mi sọ bí wọ́n ṣe máa dá wọn mọ̀: kí wọ́n ta okùn kan láìtẹ̀ ẹ́, kí wọ́n wá rọra tẹ̀ ẹ́ ní fret kejìlá, kí wọ́n fi app tuner orí fóònù, èyí tó ń sọ nóòtì tó jáde, wò ó, nóòtì kan náà ló yẹ kó jáde, á kàn ga sí i ní octave kan ni, bíi láti dò dé dò tó wà lókè. Kí wọ́n ṣe é fún okùn mẹ́fẹ̀ẹ̀fà. Èyí tó bá yẹ̀ jìnnà, kí wọ́n dá a padà fún ẹni tó ń tà á, èyí tó bá bára mu, kí wọ́n rà á, kó kéré bó ṣe lè kéré.

Èmi ni, òǹkàwé yín tòótọ́.