Dúpẹ́, ọ̀rọ̀ Fúnmi rèé

Kábbà

Dúpẹ́ mi,

Okun o. Òtútù Jámánì ńkọ́? Ara Màmá ti yá, Fọlá ti bí obìnrin. Ọ̀rọ̀ Fúnmi ni mi ò lè pa mọ́ra mọ́.

Bàbá ti bá a wá iṣẹ́ sí kánsù, àmọ́ gálásì, ìyẹn ọ̀pọ̀ ìràwọ̀ tí òòfà kó jọ, ló ní òun fẹ́ kọ́ síwájú. Lálẹ́ àná, ó ń sọ ti Coma, àgbájọ gálásì kan, fún mi títí iná fi lọ: gálásì tó ju ẹgbẹ̀rún lọ ló kóra jọ síbẹ̀, níbi tó jìnnà sí wa tó mílíọ̀nù 320 ọdún ìmọ́lẹ̀ (ọ̀nà tí ìmọ́lẹ̀ ń rìn lọ́dún kan ni ọdún ìmọ́lẹ̀ kan). Ọ̀pọ̀ nínú wọn kò bí ìràwọ̀ mọ́. Àwọn kan sì wà tó jẹ́ pé wọ́n bí i wìtìwìtì, lẹ́yìn náà wọ́n dákẹ́ lójijì. Dressler àti Gunn, àwọn onímọ̀ ìràwọ̀, tọ́ka sí irú wọn ní 1983, nínú àgbájọ gálásì tó jìnnà ju Coma lọ.

Ìràwọ̀ tó tóbi jù kì í pẹ́ kú. Àwọn tó tẹ̀ lé e lè lò tó bílíọ̀nù ọdún kan, háídírójìn ara wọn a sì fa ìlà dúdú tó nípọn sínú ìmọ́lẹ̀ wọn, tí a máa ń rí bí a bá tú u sí àwọ̀ ọ̀tọ̀ọ̀tọ̀. Bí ìlà yẹn bá hàn, tí gáàsì kò sì tàn yòò mọ́ bó ṣe ń tàn níbi tí ìràwọ̀ tuntun wà, ìbí náà ṣẹ̀ṣẹ̀ dá ni.

Ibo gan-an ni ìbí náà ti dá nínú gálásì ọ̀hún? Ìyẹn ni Fúnmi ń wá. Ó ń yẹ ìmọ́lẹ̀ rẹ̀ wò láti àárín dé etí. Bí ó bá ti etí dákẹ́ wá sáàárín, bí ewé tó ti etí gbẹ, gáàsì gbígbóná tó kún inú àgbájọ náà ló gbá gáàsì tirẹ̀ lọ bó ṣe ń sáré kọjá. Gunn àti Gott ti ṣàlàyé rẹ̀ láti 1972. Ti àárín ló máa ń ṣòro láti gbá lọ, torí òòfà ibẹ̀ le. Bó bá sì jẹ́ àárín nìkan ni ìbí ìràwọ̀ ti bú jáde kó tó dákẹ́, ó lè jẹ́ gálásì mìíràn ló kọ lù ú tí gáàsì fi ya lọ síbẹ̀.

Dúpẹ́, ọmọ yìí mọ nǹkan tó ń ṣe! Àkọsílẹ̀ MaNGA, iṣẹ́ ìwádìí kan tó yẹ ìmọ́lẹ̀ gálásì wò, ló ń lò, gálásì bí 10,000, ọ̀fẹ́ ni lórí íntánẹ́ẹ̀tì. Àmọ́ Bàbá kò bínú, wọn ò sì bá a jà. Wọ́n kàn dákẹ́. O mọ irú dídákẹ́ yẹn. Ó ń bà mí lẹ́rù ju ariwo lọ, torí Fúnmi ti ń sọ pé òun á gba iṣẹ́ kánsù náà.

Jọ̀ọ́, bá mi pè wọ́n. Tìẹ ni wọ́n máa ń gbọ́. Bí wọ́n bá béèrè owó, ṣàlàyé ẹ̀kọ́ ọ̀fẹ́ DAAD ti Jámánì fún wọn. Má sọ pé èmi ni mo rán ọ. Àárọ̀ kùtù ni kó o pè, kí wọ́n tó lọ sóko.

Èmi ni tìẹ,
Bísí